Bí Ẹ Ṣe Lè Yan Rélìǹgì Tí Kò Ní Máa Dà Yín Láàmú Létí Òkun

Òjò kọ́ ni ọ̀tá rélìǹgì létí òkun. Iyọ̀ ni. Afẹ́fẹ́ ń gbé iyọ̀ kúrò lójú ìgbì, ó ń fọ́n ọn sára gbogbo ohun tó bá wà níta. Iyọ̀ náà sì ń fa ọ̀rinrin mọ́ra débi pé ara irin kì í gbẹ tán, kódà lọ́jọ́ tí òjò kò rọ̀. Òjò tó ń rọ̀ sára irin tààrà ń bá wa fọ iyọ̀ yẹn kúrò ni. Ìdí nìyẹn tí rélìǹgì abẹ́ òrùlé, tí òjò kì í kàn, fi máa ń dípẹtà ju èyí tó wà ní gbangba lọ. Ọ̀pọ̀ èèyàn kì í gbà bẹ́ẹ̀, àfi tí wọ́n bá fojú ara wọn rí i.

Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ ṣe rélìǹgì sí bákónì, faránda tàbí àtẹ̀gùn ìta, ẹ má kàn béèrè irin tó dára jù kí ẹ sì dákẹ́. Ẹ béèrè pé: níbo ni omi máa dúró sí lára nǹkan yìí, ibo sì ni òjò kò ní lè fọ̀? Ìbéèrè méjèèjì yìí la ó máa gbé kiri láti ìgbésẹ̀ kìíní dé èyí tó gbẹ̀yìn.

1. Ẹ wo ilé yín kí ẹ tó wo ọjà

Ẹ rìn yí ilé ká. Ẹ mọ ibi tí afẹ́fẹ́ òkun ti ń fẹ́ wá, kí ẹ sì wo àwọn irin tó ti wà níta tẹ́lẹ̀: ìdè ilẹ̀kùn, ìṣó òrùlé, irin fèrèsé. Bí wọ́n bá ti pọ́n, tí ara wọn sì ń ṣí bí èépá, ẹ ti mọ irú ibi tí ẹ wà. Létí òkun tí ìgbì ti ń ru gùdù, iyọ̀ lè máa da irin láàmú títí dé nǹkan bíi kìlómítà 5 sí etí omi. Omi tó dákẹ́ rọ́rọ́, bí ọ̀sà, kì í fọ́n iyọ̀ jìnnà tó bẹ́ẹ̀. Kìlómítà 1 ni wọ́n sábà máa ń kà sí i. Afẹ́fẹ́ tó le lè gbé e kọjá ibẹ̀.

Àwọn onímọ̀ ti pín ojú ọjọ́ sí ìpele, gẹ́gẹ́ bó ṣe ń jẹ irin tó, nínú ìlànà àgbáyé ISO 9223, láti C1, tó jẹ́ inú ilé gbígbẹ, títí dé C5, àti CX tó burú jù lọ. Etíkun sábà máa ń bọ́ sí C4 tàbí C5. Ẹ fi àwọn nọ́ńbà yìí sọ́kàn, nítorí wọ́n á wà nínú ìwé tí olùtajà tó mọṣẹ́ bá kó síwájú yín.

Kí ẹ tó kúrò níta, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí gbogbo ibi tí òjò kì í dé: abẹ́ òrùlé, ìsàlẹ̀ ọ̀pá tó fara ti ògiri, igun tí òdòdó inú ìkòkò ṣíji bò. Ibẹ̀ ni ẹ ó ti máa fọwọ́ ara yín fọ rélìǹgì. Bí ẹ bá mọ̀ pé ẹ kò ní fọ̀ ọ́, ẹ gbà á lọ́kàn yín báyìí, kí ẹ sì ra ohun tó le jù sí àwọn ibi tí ẹ sàmì sí.

2. Irú irin wo?

*Alumíníọ̀mù* ni mo máa fi ṣáájú fún ẹni tí kò fẹ́ wàhálà. Kété tí afẹ́fẹ́ bá ti kàn án ló máa ń yọ awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan tó ń dáàbò bò ó, bí nǹkan bá sì ha awọ náà, òmíràn yóò yọ. Síbẹ̀ iyọ̀ lè gbẹ́ ihò wínníwínní sí i lára, ìdí nìyẹn tí ẹ fi gbọ́dọ̀ wádìí ohun tí wọ́n fi bò ó. Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni ọ̀dà oníyẹ̀fun tí wọ́n ń fọ́n sí irin kí wọ́n tó yan án nínú ààrò. Àwọn ará Amẹ́ríkà ń lo ìpele mẹ́ta fún un: AAMA 2603, 2604 àti 2605. Àyẹ̀wò tí wọ́n fi ń gba ọ̀dà wọlé ni kí wọ́n gbé e sínú oòrùn àti ọ̀rinrin ìpínlẹ̀ Florida fún ọdún 1, ọdún 5 tàbí ọdún 10, bí wọ́n ṣe tẹ̀ léra. Létí òkun, 2605 ni kí ẹ béèrè. Mo lè gba 2604 bí ilé bá jìnnà díẹ̀ sómi. 2603 kì í ṣe tiwa rárá.

Ní Yúróòpù, àmì Qualicoat ni ẹ ó rí, kí ẹ sì wá ọ̀rọ̀ náà Seaside lára rẹ̀. Ohun tó túmọ̀ sí ni pé wọ́n ti fi kẹ́míkà họ ojú alumíníọ̀mù náà, ó kéré tán gíráàmù 2 nínú mítà kan níbùú lóròó, kí wọ́n tó kùn ún. Híhọ ojú irin yìí ṣe pàtàkì ju bí ọ̀dà ṣe nípọn lọ, torí abẹ́ ọ̀dà ni ìbàjẹ́ alumíníọ̀mù ti ń bẹ̀rẹ̀: àwọn ilà tẹ́ẹ́rẹ́ á máa rìn kiri lábẹ́ rẹ̀ láti ojú ibi tí wọ́n ti gé irin tàbí tí wọ́n ti lu ihò. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gé e, kí wọ́n sì lu gbogbo ihò rẹ̀ tán kí wọ́n tó kùn ún. Bí wọ́n bá ní àwọn ò ní kùn ún, pé anodising làwọn fẹ́ ṣe sí i, ìyẹn fífi iná mànàmáná mú kí awọ ara rẹ̀ nípọn sí i, kí awọ náà nípọn tó máíkrónì 25. (Máíkrónì 1,000 ló wà nínú mìlímítà 1.)

*Sténlẹ́ẹ̀sì* ló ń já èèyàn kulẹ̀ jù, nítorí ojú lásán kò lè dá irú rẹ̀ kan mọ̀ yàtọ̀ sí èkejì. Èyí tó kún ọjà ni 304, tó ní chromium nǹkan bí ìdá 18 nínú 100 àti nickel ìdá 8. Inú ilé ló yẹ ẹ́. Létí òkun, kò ní pẹ́ tí ara rẹ̀ á fi máa pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́ bí ibi tí tíì dà sí. Irin náà kò tíì wó, àmọ́ ẹwà tí ẹ torí rẹ̀ sanwó ti lọ. Irú 316 ní molybdenum ìdá 2 sí 3 nínú 100, èròjà yẹn ni kì í jẹ́ kí iyọ̀ tètè gbẹ́ ihò sí i. Bí wọ́n bá máa jó o pọ̀, 316L ni kí ẹ ní kí wọ́n lò. Carbon inú rẹ̀ kò ju ìdá 0.03 nínú 100 lọ, ojú ibi tí wọ́n jó kò sì ní tètè bàjẹ́. Níbi tí omi òkun ti ń ta sí rélìǹgì lára tààrà, irú tí wọ́n ń pè ní 2205, tó ní chromium ìdá 22, ló lè dúró, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo wẹ́dà ló mọ̀ ọ́n jó.

Ojú irin náà tún wà níbẹ̀. Ojú tó jọ̀lọ̀, tó ń dán, kì í di iyọ̀ mú. Èyí tí wọ́n fi sáńpépà gbo títí tó fi ní ilà ń kó iyọ̀ sínú ilà rẹ̀, èyí sì fi hàn pé 316 tí ojú rẹ̀ rí hẹ́rẹhẹ̀rẹ lè pọ́n. Àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí ń fẹ́ kí hẹ́rẹhẹ̀rẹ ojú irin, tí wọ́n ń kọ ní Ra, má ju máíkrónì 0.5 lọ. Bí onílà bá wù yín dandan, kí ilà náà wà lóòró, kí òjò lè gbá iyọ̀ inú rẹ̀ wálẹ̀.

*Irin tí wọ́n rì sínú síǹkì yíyọ́*, tí ọ̀pọ̀ ń pè ní gálífánáìsì, lágbára, kò sì wọ́n tó sténlẹ́ẹ̀sì. Ẹ lè ṣírò iye ọdún tó máa lò fúnra yín. Ìlànà ISO 1461 ní kí síǹkì ara irin tó nípọn ju mìlímítà 3 lọ títí dé 6 tó máíkrónì 70 ní ìpíndọ́gba. Páìpù tí ara rẹ̀ kò ju mìlímítà 1.5 sí 3 lọ, 55 ni tirẹ̀. Ní C5, máíkrónì 4.2 sí 8.4 ni ojú ọjọ́ ń jẹ lára síǹkì lọ́dún. Ẹ pín 70 sí i, ẹ ó rí nǹkan bí ọdún 8 sí 17. Páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ á gba ọdún 6 ààbọ̀ sí 13, bẹ́ẹ̀ páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ ni ọ̀pọ̀ rélìǹgì. Ní C3, tí ojú ọjọ́ ti ń jẹ 0.7 sí 2.1 péré, síǹkì máíkrónì 70 yẹn á kọjá ọgbọ̀n ọdún. Bí ilé yín bá wà ní C5, àfi kí ẹ tún kun ọ̀dà tó bá síǹkì mu lé e lórí. Méjèèjì pọ̀ á pẹ́ ju àròpọ̀ ọdún wọn lọ, torí ọ̀dà ń gba iyọ̀ dúró fún síǹkì, síǹkì sì ń di ọ̀dà mú bí ó bá ha.

Ohun kan ṣoṣo tí ẹ kò gbọ́dọ̀ gbà fún oníṣẹ́ ni pé kó ra páìpù tí wọ́n ti rì tẹ́lẹ̀, kó wá máa jó o pọ̀ nílé yín. Iná á jó síǹkì kúrò ní gbogbo oríkèé, oríkèé náà sì ni omi fẹ́ràn jù. Kí wọ́n jó gbogbo rẹ̀ tán kí wọ́n tó lọ rì í, bóòtù nìkan ni kí wọ́n fi so ó pọ̀ nígbà tó bá dé ilé. Irin dúdú tí wọ́n kàn kùn ní ọ̀dà lásán, ẹ fò ó.

Àwọn yòókù, mo máa sáré sọ wọ́n. *Wáyà* tí wọ́n nà láàárín òpó dára lójú, kì í bo ìran, àmọ́ ó máa ń dẹ̀, ẹ ó sì máa fà á. Ibi tí wáyà ti wọ ẹnu ìdè rẹ̀ gan-an jẹ́ kòlọ̀fín tí òjò kì í fọ̀. *Gíláàsì* kì í dípẹtà, ṣùgbọ́n iyọ̀ á máa bò ó lójú ní gbogbo ìgbà, nítorí náà kò sí lára ohun tí mo lè pè ní aláìníwàhálà. Bí ẹ bá fẹ́ ẹ, kí ó jẹ́ oníbejì tí wọ́n lẹ̀ pọ̀, torí gíláàsì ẹyọ kan, bó ti wù kó le tó, bó bá fọ́, àyè á ṣí sílẹ̀ gbayawu. *Igi* bí tíìkì àti ìrókò máa ń tọ́jọ́, àmọ́ wọ́n ń fẹ́ òróró tàbí ọ̀dà déédéé, olú sì ń bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ igi bí ọ̀rinrin inú rẹ̀ bá ti ń ga ju ìdá 20 nínú 100 lọ. Bí ìdìmú igi bá wù yín, ẹ fi igi ṣe ọ̀pá òkè nìkan. Kí ẹ sì ṣọ́ra fún pákó tí wọ́n fi oògùn oníbàbà tọ́jú: ó ń jẹ alumíníọ̀mù àti irin lásán tó bá kàn án.

*PVC*, ìyẹn ike líle, kì í jẹrà, kì í dípẹtà, ó dára fún faránda tí kò ga. Ẹ béèrè irú irin tó wà nínú ihò rẹ̀, torí irin ló ń fún un lágbára. Bí ó bá jẹ́ irin lásán, inú ni ìpẹtà á ti bẹ̀rẹ̀, ojú kò sì ní rí i. Mi ò ní gbé e sórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì láìrí ìwé tó sọ ìwọ̀n agbára rẹ̀. Òpó *kọnkéré* náà ní irin nínú. Iyọ̀ ń wọ inú kọnkéré díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi kan irin yẹn, ìpẹtà á wú, kọnkéré á là, yóò sì máa já lulẹ̀.

3. Ẹ wo bí wọ́n ṣe ṣe é, pàápàá ẹsẹ̀ rẹ̀

Ibí ni owó ti ń ṣòfò jù. Mo mọ̀ pé kàtálọ́ọ̀gì máa ń fi àwòrán ọ̀pá òkè hàn wá. Ìsàlẹ̀ òpó ni kí ẹ ní kí wọ́n fi hàn yín.

Òpó oníhò gbọ́dọ̀ ní ojú tí omi á máa gbà jáde níbi tó rẹlẹ̀ jù. Omi á wọlé, kò sí bí wọ́n ṣe lè di í pa tó, torí bí òpó bá gbóná tó sì tún tutù, ó ń fa afẹ́fẹ́ ọ̀rinrin sínú. Ihò mìlímítà 6 sí 8 ti tó. Ọ̀pá òkè kò gbọ́dọ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ: èyí tó rí roboto tàbí tó dà gẹ̀rẹ́ lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ni omi kì í dúró lórí rẹ̀. Níbi tí irin méjì bá ti gun ara wọn, kí wọ́n jó o yí ká láìdá ibì kankan sí. Wẹ́dà máa ń fẹ́ fi iná tọ ibì kan níhìn-ín, ibì kan lọ́hùn-ún, àárín méjèèjì ni omi iyọ̀ á lọ fara pamọ́ sí. Ẹ dín iṣẹ́ ọnà kù pẹ̀lú. Gbogbo òdòdó irin, gbogbo ìká, gbogbo bọ́ọ̀lù tí wọ́n so mọ́ àárín ọ̀pá ní ẹ̀yìn tí òjò kì í rí.

Kí ẹ wá wo ẹsẹ̀. Ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n ń gbà gbé òpó dúró. Èkíní ni kí wọ́n rì í mọ́ inú sìmẹ́ńtì. Mi ò fẹ́ràn rẹ̀ rárá: ojú ibi tí irin ti wọ sìmẹ́ńtì ni omi ń dúró sí, ibẹ̀ ni irin sì ti ń jẹ, nígbà tí sìmẹ́ńtì tútù fúnra rẹ̀ ń jẹ alumíníọ̀mù. Bí kò bá sí ọ̀nà míì, kí wọ́n fi ọ̀dà dúdú bo gbogbo ibi tó máa wọlẹ̀, kí ó sì ga díẹ̀ ju ojú ilẹ̀ lọ. Èkejì ni kí wọ́n fi bóòtù de irin pẹlẹbẹ ìsàlẹ̀ òpó mọ́ orí ilẹ̀ bákónì. Ó dára bí wọ́n bá kọ́kọ́ ṣe pèpéle kékeré tó dà gẹ̀rẹ́ sábẹ́ rẹ̀. Àmọ́ gbogbo bóòtù yẹn ló ń gún ohun tí wọ́n fi dí omi lórí ilẹ̀ bákónì, bí omi bá sì bẹ̀rẹ̀ sí í jò sí yàrá ìsàlẹ̀, ẹnikẹ́ni kò ní rántí rélìǹgì. Ẹ̀kẹta ni kí wọ́n dè é mọ́ etí bákónì lẹ́gbẹ̀ẹ́. Èyí ni mo yàn láàyò: omi kì í dúró lórí ògiri. Kìkì pé etí kọnkéré gbọ́dọ̀ nípọn tó láti gba bóòtù láìlà, ẹ jẹ́ kí ẹnjiníà wò ó.

4. Bóòtù àti síkúrù

Ẹ jẹ́ kó jẹ́ 316, láìka irú irin tí rélìǹgì jẹ́ sí. Rélìǹgì tó lè lo ọgbọ̀n ọdún ti wó rí torí síkúrù tó ń dán lóde nìkan.

Ṣùgbọ́n wàhálà kan wà níbẹ̀. Bí irin méjì tó yàtọ̀ síra bá kan ara wọn, tí omi iyọ̀ sì bo àwọn méjèèjì, iná díẹ̀ ń kọjá láàárín wọn, èyí tó tètè ń bàjẹ́ nínú wọn ni yóò máa jẹ. Láàárín alumíníọ̀mù àti sténlẹ́ẹ̀sì, alumíníọ̀mù ló ń jìyà. Bí ó ṣe tóbi sí ìkejì rẹ̀ ló ń sọ bí ìyà náà ṣe máa pọ̀ tó: síkúrù sténlẹ́ẹ̀sì kékeré lára òpó alumíníọ̀mù ńlá ṣeé fara dà bí ẹ bá fi wọ́ṣà náílọ́nì sáàárín wọn, rífẹ́ẹ̀tì alumíníọ̀mù kékeré lára sténlẹ́ẹ̀sì ńlá, ẹ má dán an wò. Omi tó bá ṣàn kọjá lára bàbà kò gbọ́dọ̀ kán sórí alumíníọ̀mù tàbí síǹkì.

5. Gíga àti àlàfo

Ẹ tẹ̀ lé òfin ibi tí ẹ wà. Kí ẹ lè mọ ibi tí ọ̀rọ̀ dé: ní Amẹ́ríkà, ínǹṣì 36 ni gíga tó kéré jù tí àwòkọ òfin ilé gbígbé ń béèrè, 42 fún ilé tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń lò, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, mìlímítà 1,100 ni ti bákónì. Àlàfo kò gbọ́dọ̀ gba bọ́ọ̀lù tó fẹ̀ tó nǹkan bíi mìlímítà 100 kọjá, kí orí ọmọdé má bàa wọ̀ ọ́. Bí ọmọ kékeré bá wà nílé, ọ̀pá ìnàró ni kí ẹ fi sáàárín. Ọ̀pá ìbú, àtẹ̀gùn ni lójú ọmọdé.

6. Ohun tí ẹ ó bi olùtajà

Ẹ má gbára lé mágínẹ́ẹ̀tì. Ó lè tú àṣírí irin lásán tí wọ́n yọ́ nǹkan dídán sí lára, àmọ́ kò lè sọ ìyàtọ̀ 304 àti 316, torí kì í sábà lẹ̀ mọ́ èyíkéyìí nínú wọn. Oògùn kan wà tí wọ́n ń kán sára irin láti mọ̀ bóyá molybdenum wà nínú rẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n kán an níṣojú yín. Ẹ gba ìwé iléeṣẹ́ tó yọ́ irin náà, kí nọ́ńbà inú rẹ̀ sì bá ti ara irin mu.

Lẹ́yìn náà, ẹ ka ìwé ìdánilójú títí dé ìsàlẹ̀, níbi tí lẹ́tà ti kéré. Nínú àwọn kan, ẹ ó rí i pé wọ́n yọ etíkun kúrò pátápátá. Àwọn míì gbà, bí ẹ bá lè fi hàn pé ẹ ń fọ̀ ọ́ ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta.

7. Ọjọ́ tí wọ́n bá wá gbé e kalẹ̀

Kí iṣẹ́ táìlì ti parí. Ásíìdì tí wọ́n fi ń fọ sìmẹ́ńtì kúrò lójú táìlì ń ba sténlẹ́ẹ̀sì jẹ́, òórùn rẹ̀ nìkan tó bẹ́ẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má gé irin dúdú nítòsí rẹ̀, torí ẹ̀ta iná tó bá bà lé e á di ojú ìpẹtà láàárín ọjọ́ mélòó kan, kí wọ́n má sì fi díìsì tí wọ́n ti fi lọ irin dúdú lọ sténlẹ́ẹ̀sì. Àwọ̀ búlúù àti àwọ̀ ilẹ̀ tó bá yọ yí ojú ibi tí wọ́n jó ká kì í ṣe ẹ̀ṣọ́. Kí wọ́n fi oògùn rẹ̀ yọ ọ́ kí wọ́n tó gba owó tó kù lọ́wọ́ yín.

8. Fífọ̀

Omi tí kò níyọ̀, ọṣẹ tí kò le, kànrìnkàn rírọ̀. Ìyẹn ti tó. Bílíìṣì, ásíìdì àti kànrìnkàn onírin kò gbọ́dọ̀ kàn án. Kànrìnkàn onírin á fi ìdọ̀tí irin sílẹ̀ sára sténlẹ́ẹ̀sì, ìdọ̀tí náà á sì dípẹtà. Níbi tí òjò ń pa, ìgbà mẹ́rin lọ́dún á ṣe é. Àwọn ibi tí ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí ń fẹ́ ẹ lóṣooṣù. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ fọ gbogbo rẹ̀ lóṣooṣù, torí òjò tó ń bá yín ṣe é ti lọ.

Lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, ẹ fi ọwọ́ mi òpó kọ̀ọ̀kan, kí ẹ yẹ bóòtù wò, kí ẹ sì fi wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ gún ihò ìsàlẹ̀ òpó kí ìdọ̀tí má bàa dí i. Bí síǹkì bá ti ha, ẹ fọ ojú ibẹ̀, ẹ kun ọ̀dà tó ní síǹkì púpọ̀ sí i lọ́jọ́ náà gan-an. Bí omi pupa bá ń ṣàn jáde láti inú ihò ìsàlẹ̀ òpó, inú lọ́hùn-ún ló ti ń jẹ: ẹ má kun ọ̀dà bo ìta rẹ̀, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fara tì í títí wọ́n á fi yọ òpó náà kúrò.